Ojú Lórí Òrùlé: Ọjọ́ Márùn-ún ní Sibiu àti Àwọn Abúlé Rẹ̀

Ṣàkì ni a kọ́kọ́ jẹ ní Sibiu, ìlú kan ní ilẹ̀ Ròmáníà. Láti òru la ti wà lójú ọ̀nà, orí ti ń fọ́ Ìyá Ìbejì, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, la bá yà sí búkà kékeré kan nítòsí ọjà. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwa náà ò sì gbọ́ èdè Ròmáníà. Ó ṣí ìkòkò, ó fi ìgbákọ bu díẹ̀ sókè kí a lè rí i. Ìyá Ìbejì sún mọ́ ọn, wọ́n yọjú wò ó dáadáa, ni wọ́n bá pariwo: "Ṣàkì rèé o! Ṣàkì gidi!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní "burtă, burtă," ó sì fọwọ́ pa ikùn ara rẹ̀.

Ciorbă de burtă ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà. Funfun ni, ó kan díẹ̀, aáyù pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì da ọ̀rá wàrà lé e lórí. Wọ́n gbé búrẹ́dì tì í, wọ́n tún fi odidi ata tútù kan sínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí èèyàn á máa gé jẹ bó ṣe ń mu ọbẹ̀ lọ. Ata yẹn ta. Láti ìgbà tí mo ti ń rìn kiri ilẹ̀ Yúróòpù, ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gbé ata fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Lei 22 ni a san fún abọ́ kan. Oṣù Kẹsàn-án 2024 la lọ, pọ́n-ùn kan sì ń gba nǹkan bíi lei 5.9 nígbà yẹn, nítorí náà abọ́ ọbẹ̀ náà kò tó pọ́n-ùn 4. A jẹ ẹ́ tán, orí fífọ́ sì kúrò.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Leeds ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ibẹ̀ ni èmi àti Ìyá Ìbejì ti pàdé. A ní ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Ròmáníà, agbègbè Sibiu gan-an ni wọ́n bí i sí. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti dákẹ́, ó máa ń sọ ìtàn ìlú rẹ̀ fún wa: pé àwọn ilé ibẹ̀ ní ojú lórí òrùlé, pé bí èèyàn bá ń kọjá lọ, wọ́n á máa wò ó. Ó ní bí owó wa ò bá pọ̀, kí a fi Bucharest, olú ìlú wọn, sílẹ̀, kí a lọ sí ìlú òun. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó ọdún méjì kí n tó sọ fún Ìyá Ìbejì pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo àwọn ojú yìí."

Pọ́n-ùn 350 ni mo yà sọ́tọ̀ fún ohun gbogbo, mi ò sì fẹ́ kó lé kọ́bọ̀ kan, torí owó ilé ìwé àbúrò mi ń bọ̀ lóṣù Kẹwàá. Bọ́ọ̀sì òru la wọ̀ láti Leeds dé Luton, a sì wọ ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú tó lọ sí Sibiu tààrà. Báàgì àgbékọ́yìn kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé, èyí tó lè wọ abẹ́ àga, torí owó báàgì ńlá lè ju owó ìjókòó fúnra rẹ̀ lọ. Láti pápákọ̀, a ò gba takisí. Bọ́ọ̀sì ìlú ń dé ibẹ̀, kò sì jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ físà níbí, torí òun ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa kọ́kọ́ bi mí. Pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní, n kò nílò físà fún ọjọ́ díẹ̀. Ti Nàìjíríà ni Ìyá Ìbejì ní. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2024 ni Ròmáníà wọ Schengen, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, fún àwọn tó ń gba òfuurufú àti ojú omi wọlé, ti orí ilẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025. Nítorí náà físà Schengen ni wọ́n ní láti gbà, owó rẹ̀ sì ti di Yúrò 90 láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ó ju owó ọkọ̀ wọn lọ. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ: ìwé iṣẹ́, ìwé báńkì, ìwé ibi tí a máa sùn, ìwé pé wọ́n á padà. Ó dùn mí gan-an. Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, àwọn àgbàlagbà kan náà là ń gbé dìde lórí ibùsùn, síbẹ̀ èmi kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ni, àwọn sì gbé fáìlì dání bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, òun ni mo lè sọ.

Àwọn Saxon ló kọ́ Sibiu. Elédè Jámánì ni wọ́n. Géza Kejì, ọba Hungary, tó jọba láti 1141 sí 1162, ló pè wọ́n wá sí Transylvania, agbègbè tí Sibiu wà, kí wọ́n wá tẹ̀dó, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀. Hermannstadt ni wọ́n ń pe ìlú náà lédè tiwọn, orúkọ yẹn ṣì wà lára bọ́ọ̀dù lẹ́nu ìlú títí dòní. Wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ sí ara odi, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ilé ìṣọ́ tí wọ́n ń dáàbò bò. Mẹ́ta ṣì dúró ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Strada Cetății: ti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ti àwọn amọ̀kòkò, àti ti àwọn oníbọn. Ọ̀fẹ́ ni ìrìn ibẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra ara bíríkì ilé ìṣọ́ àwọn amọ̀kòkò, kí ẹ wá rántí pé àwọn tó ń mọ ìkòkò lọ́sàn-án ló ń gun ibẹ̀ lọ láti jà nígbà tí ogun bá dé.

Àwọn ojú ńkọ́? Òótọ́ ni o.

Òrùlé àwọn ilé náà ga, ó dà gẹ̀rẹ̀, táìlì amọ̀ pupa ni wọ́n fi bò ó. Ní àárín òrùlé yẹn ni wọ́n ti gbé táìlì náà sókè díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń la ìpéǹpéjú, tí ihò tóóró kan wá wà lábẹ́ rẹ̀ tó dúdú bí ẹyinjú. Àwọn ilé kan ní méjì, àwọn mìíràn ní mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún: orí àjà ni wọ́n ń kó ọkà àti ẹran gbígbẹ pa mọ́ sí, kò sì gbọdọ̀ bu. Wọ́n tẹ ihò náà bẹ́ẹ̀ kí òjò má bàa rọ wọlé. Lọ́sàn-án, ihò lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí agogo méje kọjá díẹ̀, tí oòrùn rọ̀ sẹ́yìn òkè, òjìji wọ inú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì dúró ní àárín Piața Mare, pápá ńlá àárín ìlú náà, n kò lè mira. Àwọn ilé yẹn ń wò mí. Ìyá Ìbejì dojú kọ èyí tó ga jù, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé." Èmi náà kúnlẹ̀.

Afárá irin kékeré kan wà ní Piața Mică, pápá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ńlá náà, tí wọ́n ń pè ní Afárá Irọ́, Podul Minciunilor. 1859 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Wọ́n ní bí òpùrọ́ bá gun orí rẹ̀, yóò wó. Ṣùgbọ́n àwọn kan sọ pé àṣìgbọ́ ló bí orúkọ náà: afárá tó dùbúlẹ̀ láìní òpó ni àwọn elédè Jámánì pè é, ọ̀rọ̀ "dùbúlẹ̀" àti ọ̀rọ̀ "parọ́" sì sún mọ́ ara wọn létí lédè yẹn, liegen àti lügen. Èmi gba èyí gbọ́. Àwa tí a ń fi àmì orí ọ̀rọ̀ ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀, a mọ bí ìró kékeré ṣe ń yí ìtàn padà.

A gun Turnul Sfatului, ilé ìṣọ́ tó wà láàárín pápá méjèèjì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, láti òkè ibẹ̀ ni a sì ti rí àwọn òkè Făgăraș lókèèrè. Láàárín wọn ni Moldoveanu wà, òkè tó ga jù ní Ròmáníà, mítà 2,544. Bí ẹ bá sì jẹ́ pé nítorí Dracula lẹ ṣe fẹ́ràn Transylvania, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Lutheran tó wà ní Piața Huet. Òkúta sàréè Mihnea wà níbẹ̀, ọmọ Vlad Țepeș, ọba tí wọ́n ti mú orúkọ Dracula. Ní 1510 ni wọ́n pa á ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an. Ìyẹn kì í ṣe àlọ́.

Ìdí tí ìlú náà fi mọ́ tónítóní báyìí ni pé ní 2007, ọdún tí Ròmáníà wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Sibiu àti Luxembourg ni wọ́n jọ jẹ́ olú ìlú àṣà fún Yúróòpù. Wọ́n tún ọ̀pọ̀ ilé kùn, wọ́n tún pápá náà tò. Olórí ìlú nígbà náà ni Klaus Iohannis, ọmọ Saxon tó ti jẹ́ olùkọ́ físíìsì. Ó wà nípò náà láti 2000 di 2014, òun sì ni ààrẹ orílẹ̀-èdè nígbà tí a lọ.

Ilé àwọn arìnrìn-àjò tí èèyàn mẹ́rin ń sùn nínú yàrá kan la wọ̀, lei 80 ni ibùsùn kan lálẹ́. Ẹ jẹ oúnjẹ ọ̀sán yín dáadáa, kí ẹ ra ti alẹ́ lọ́jà. Piața Cibin, ọjà àwọn àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ni a ti ra búrẹ́dì, tòmátò, àti wàràkàṣì àwọn darandaran. Ibẹ̀ ni mo ti kíyè sí owó wọn. Rọ́bà ni owó wọn bíi náírà kéékèèké tiwa, lára lei 20 sì ni àwòrán obìnrin kan wà, Ecaterina Teodoroiu, tó kú lójú ogun ní 1917. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sára owó bébà nílẹ̀ náà lóde òní. Mo ṣí pọ́ọ̀sì mi. Náírà 20 kan ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, Ladi Kwali ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ìkòkò rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ lára owó tiwa. Mo gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ lórí pátákó oníwàràkàṣì, 20 àti 20. Ìyá arúgbó tó ń tà á mú ti wa, wọ́n gbé e wò nínú oòrùn, wọ́n fi ìka tọ ìkòkò náà. Wọ́n bù kún wàràkàṣì wa.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cisnădie, nǹkan bíi kìlómítà 10 sí Sibiu, a sì fẹsẹ̀ rìn dé Cisnădioara. Orí òkè kékeré kan ni ṣọ́ọ̀ṣì òkúta ibẹ̀ wà, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti 1223. Kékeré ni, kò lọ́ṣọ̀ọ́, ó tutù nínú. Ohun tó wà nínú ọgbà rẹ̀ ló mú wa dúró pẹ́: àwọn òkúta roboto, wọ́n tóbi ju orí èèyàn lọ, wọ́n wà káàkiri lẹ́bàá odi. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kan láti inú odò nísàlẹ̀ dé òkè yìí kí wọ́n tó fún un ní ọmọ. Bí ọ̀tá bá wá dé, wọ́n á yí àwọn òkúta náà lé wọn lórí. Mo gbìyànjú láti gbé ọ̀kan, ó ṣípò díẹ̀. Ìyá Ìbejì ní, "Àwọn bàbá wa ro oko àna, àwọn wọ̀nyí gbé òkúta. Ẹni tó bá gbé e dé ibí, ó fẹ́ obìnrin náà lóòótọ́." Wọ́n fọwọ́ lé òkúta kan fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ lé orí ọmọ.

Ní Sátidé, rélùwéè la wọ̀ lọ sí Mediaș. Ó rọra ń lọ, ó ń dúró ní gbogbo ibùdó, owó rẹ̀ sì rọjú. Wọ́n wò wá o, n kò ní purọ́, torí aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ lágbègbè yẹn. Ẹnikẹ́ni kò bú wa. Ní ibùdó Mediaș, bàbá arúgbó kan wá bá wa, wọ́n bi wá léèrè ibi tí a ti wá. "Nigeria," ni mo wí. Wọ́n ronú díẹ̀, ni wọ́n bá nàka sí àyà ara wọn, wọ́n ní "Hagi!", wọ́n nàka sí wa, wọ́n ní "Yekini!" Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù 1994 ni wọ́n ń rántí. Wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n sì mú wa dé ibi tí mínibọ́ọ̀sì Biertan wà. Àwa nìkan ì bá má rí i.

Biertan ni kí ẹ lọ bó bá jẹ́ pé abúlé kan ṣoṣo lẹ lè dé. Odi mẹ́ta ló yí ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ká, ọ̀kan nínú èkejì, lórí òkè ní àárín abúlé. Láti 1572 títí di 1867, ibẹ̀ ni ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù àwọn Saxon, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní àgbáyé láti 1993. Yàrá kan wà tí wọ́n ń kó ohun iyebíye pa mọ́ sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà láti 1515. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irin ìdènà á tì sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí alántakùn tó na gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ abúlé ló ṣe é, nígbà tó sì di 1900, wọ́n gbé e lọ sí Paris fún àfihàn àgbáyé.

Yàrá mìíràn wà lára odi. Tọkọtaya tó bá sọ pé àwọn fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń tì mọ́bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ibùsùn kan, tábìlì kan, abọ́ kan, ṣíbí kan. Wọ́n ní láàárín nǹkan bí 300 ọdún, tọkọtaya kan ṣoṣo ló jáde níbẹ̀ tí wọ́n ṣì kọ ara wọn. Àwọn tó wà pẹ̀lú wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ti kúrò nílé ọkọ láti ọdún mẹ́jọ, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ibùsùn kékeré náà. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Wọn ò sọ ohun tí ojú obìnrin tó dúró rí." A jáde.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé ìyá kan la sùn, lei 150 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀. Mămăligă ni wọ́n rò fún wa. Ìyẹ̀fun àgbàdo pupa ni, wọ́n fi igi gígùn rò ó nínú ìkòkò irin títí ó fi ki, ọwọ́ wọn sì ń lọ gẹ́lẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń ro ọkà. Mo dìde láti gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ kí n rò ó. Nígbà tó jinná, wọ́n da á sórí pátákó, ó dúró bí òṣùpá. N kò rí ọ̀bẹ. Wọ́n fa òwú gígùn kan yọ nínú àpótí tábìlì, wọ́n di etí rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n tì í bọ abẹ́ oúnjẹ náà, wọ́n sì fà á sókè. Ó gé mọ́ọ́nú, kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Bí èmi náà ṣe máa ń fi òwú gé ẹyin sísè nìyẹn. Wàràkàṣì àti ọ̀rá wàrà kíkan la fi jẹ ẹ́, Ìyá Ìbejì sì bu ata gígún tí wọ́n gbé láti Leeds sí i. Onílé tọ́ ọ wò. Wọ́n mu omi, wọ́n sì tún bù sí i.

Sọ́ńdè ló fẹ́ ba ètò wa jẹ́. Lórí fóònù mi, bọ́ọ̀sì wà láti Biertan lọ sí Richiș ní agogo mẹ́wàá. A dúró títí di agogo mọ́kànlá kọjá. Ìgbà tí onílé rí wa níta ni wọ́n mi orí, wọ́n ní "duminică," ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì fọwọ́ júwe ẹsẹ̀. Ẹ má gbójú lé bọ́ọ̀sì abúlé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ bi onílé yín lálẹ́ Sátidé. A fẹsẹ̀ rìn, nǹkan bíi kìlómítà 7 gba inú àfonífojì. Inú mi dùn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Igi plọ́ọ̀mù wà lẹ́bàá ọ̀nà, èso wọn ti jábọ́ sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Lórí òpó iná ni ìtẹ́ ẹyẹ àkọ̀ wà, ó fẹ̀ tó agbọ̀n ọlọ́jà, kò sí ẹyẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ti kọrí sí Áfíríkà láti ìparí oṣù Kẹjọ.

Àwọn ilé Richiș tò síra wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, géètì onígi gíga, orúkọ onílé lédè Jámánì lókè, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Èèyàn wà nínú àwọn kan, àwọn ará Ròmáníà, àwọn ẹ̀yà Roma, ọmọdé ń ta bọ́ọ̀lù níwájú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ àgádágodo náà, koríko ti ga níwájú ilẹ̀kùn.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ní títì. Ọmọdé kan rí wa, ó sáré lọ, ó sì mú obìnrin àgbàlagbà kan wá tó wọ ápúrọ́ọ̀nù, kọ́kọ́rọ́ tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣí i fún wa. Nínú rẹ̀, lára òkúta àjà àti òpó, ojú èèyàn wà tí ewé ń jáde lẹ́nu wọn, tí ewé bo irun wọn. A dúró, a gbé ojú sókè títí ọrùn fi ro wá. Lára pátákó kan, nọ́ńbà orin ìsìn ṣì wà níbẹ̀. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Obìnrin náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í yọ ọ́ kúrò.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, àwọn Saxon ilẹ̀ Transylvania lé ní 200,000. Ní oṣù Kìíní 1945, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin wọn lọ ṣiṣẹ́ àfipáṣe ní ilẹ̀ Soviet. Nígbà ìjọba Ceaușescu, apàṣẹwàá Ròmáníà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ń sanwó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹ́ kó máa lọ. Nígbà tí ìjọba yẹn wó ní oṣù Kejìlá 1989, ọ̀nà là, àwọn tó kù sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú tí wọ́n ti ń gbé láti nǹkan bí 800 ọdún, láàárín ọdún díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abúlé fi dá. Obìnrin tó mú kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe Saxon. Aládùúgbò tó kó lọ ló fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ onílé máa ń wá láti Jámánì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbọn eruku, wọ́n á sun ẹran, wọ́n á sunkún díẹ̀, wọ́n á sì padà.

N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilé bàbá bàbá mi ní Ìlá Ọ̀ràngún ní yàrá méjìlá. Mo mọ iye ẹni tó ń sùn níbẹ̀ lálẹ́ yìí. Èmi wà ní Leeds, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Houston, àbúrò mi wà ní Ìbàdàn, ó sì ti ń kọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kóun náà lè lọ. Nígbà tí a fẹ́ kúrò, mo fún obìnrin náà ní lei 20. Wọ́n fi í sínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò fi í sínú àpò ara wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó koríko gbígbẹ gbé wa dé ìdajì ọ̀nà padà, kò gba owó.

Ní Mọ́ńdè, a padà sí Sibiu. Ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nítorí náà a ò wọ Brukenthal, èyí tó ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn láti 1817. Ó dùn mí, torí ètò tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe ni. Bí ẹ ó bá lọ, ẹ fi ọjọ́ mìíràn sí i, kí ẹ sì fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ASTRA, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìta gbangba tó wà nínú igbó Dumbrava, tí wọ́n kó ilé àgbẹ̀ àti ọlọ oníafẹ́fẹ́ àti ọlọ olómi jọ sí káàkiri ilẹ̀ tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 96. Wákàtí mẹ́ta péré la lò níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ, kò tó rárá. Ẹ má sì ra zacuscă, àdàlù ìgbá àti tàtàṣé tí wọ́n ń rọ sínú ìgò, bí báàgì ọwọ́ nìkan lẹ ní. Wọ́n gba tèmi ní pápákọ̀. Wàràkàṣì kọjá nígbà náà, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de kíkó wàrà àti ẹran wọlé láti Yúróòpù.

Pọ́n-ùn 331 ni mo ná, ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, ohun gbogbo.

Kí bọ́ọ̀sì pápákọ̀ tó dé, mo jókòó ní Piața Mică lábẹ́ ilé kan tó ní ojú mẹ́ta. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìlá. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè òtútù, wọ́n sọ pé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Mọ̀ọ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ilé Bàbá lọ́wọ́?"

"Èmi kọ́? Ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mo ṣí fèrèsé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí kí atẹ́gùn lè wọlé. Kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo ní mo ń bọ̀ lọ́dún Kérésìmesì.

"Yàrá wo ni kí n gbá fún ọ?"